Ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí! Dígí oníwúrà tó ń wo ìlú ìràwọ̀ nígbà tí àgbáálá ayé ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́sẹ̀ yìí jìnnà sí ọjà, ó jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù, kódà ó jìnnà sí ayé tí a wà yìí pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀, ìdí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ la ti máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Bí alágbẹ̀dẹ bá ki irin bọná, tí ọmọ iṣẹ́ sì ń fẹ ẹwìrì kíkankíkan, irin náà á kọ́kọ́ pọ́n, nígbà tó bá yá á funfun tí ojú kò ní lè wò ó. Bí wọ́n bá yọ ọ́ sílẹ̀, funfun á padà di pupa, pupa á sì rọra kú, irin á dúdú bí ẹni pé kò tiẹ̀ wọná rí. Ìgbà yẹn gan-an ni ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì gbọ́n máa ń nawọ́ sí i. Háà! Awọ ọwọ́ á lẹ̀ mọ́ irin. Ojú ní iná ti tán, ọwọ́ ní kò ì tán. Ta ló parọ́ nínú àwọn méjèèjì?

Kò sẹ́ni tó parọ́. Irin dúdú yẹn ṣì ń tan ìmọ́lẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n irú èyí tí ojú ọmọ ènìyàn kò lè rí ni. Awọ ara nìkan ló ń mọ̀ ọ́n, ooru ló sì ń pè é. Ìmọ́lẹ̀ ooru yìí ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ fi ń wá àwọn ohun tó jìnnà jù lọ lójú ọ̀run lónìí. Owó tí wọ́n ná lé iṣẹ́ náà tó bílíọ̀nù 10 dọ́là. Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ àgbẹ̀ kan. Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

OLÓRIN TÓ DI AWÒRÀWỌ̀

Ọmọ ìlú Hannover ní Jámánì ni William Herschel, orin sì ni iṣẹ́ tó bá lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ó kó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ìlú Bath. Ní 1772, ó padà lọ mú àbúrò rẹ̀ obìnrin, Caroline, wá sọ́dọ̀. Àìsàn líle ti kọ lu Caroline nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 10, kò sì ga mọ́ láti ìgbà náà. Ìyá wọn ti ní iṣẹ́ ilé ni yóò máa ṣe títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀.

William ń kọrin lọ́sàn-án, ó ń wo ìràwọ̀ lóru. Kò rí awò awọ̀nàjíjìn tó wù ú rà, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Irin ni ó ń yọ́, tí ó ń dà sínú mọ́ọ̀dù, tí ó sì ń dán títí á fi máa kọ mànà bíi dígí. Ẹ sì mọ ohun tí wọ́n fi ṣe mọ́ọ̀dù náà? Ìgbẹ́ ẹṣin ni! Caroline ló ń gún un lódó, tó ń fi asẹ́ kù ú bí ìgbà tí èèyàn ń ku èlùbọ́. Nígbà kan, William dán dígí kan fún wákàtí 16 láìgbọ́wọ́ kúrò. Àbúrò rẹ̀ ló ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu bí ẹni ń bọ́ ọmọ.

Ní 1781, William fi awò tó fọwọ́ ṣe rí ayé tuntun kan tó ń yí oòrùn po, èyí tí wọ́n ń pè ní Uranus lónìí. Ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé iṣẹ́ fún un. Nígbà tó di 1787, ọba bẹ̀rẹ̀ sí í san 50 pọ́n-ùn lọ́dún fún Caroline náà, owó iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì, kì í ṣe owó ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ rí i bí? Ọmọ tí wọ́n ní kó máa fọ abọ́!

Nǹkan méjì ló ti inú ilé yẹn jáde tó kàn wá lónìí. Èkíní: bí William ṣe ń wo ojú ọ̀run lóru, ó ń rí àwọn àbàwọ́n funfun kéékèèké, tí wọ́n ṣe bàìbàì bí èéfín. Òun á máa pè é sókè, Caroline á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n kọ nǹkan bíi 2,500 jọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ gan-an, àwọn méjèèjì kò mọ̀.

Èkejì: ní 1800, William ń wá ọgbọ́n tí yóò fi máa wo oòrùn láìjẹ́ pé ooru ba ojú rẹ̀ jẹ́. Ó fi dígí onígun mẹ́ta la ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí àwọ̀ òṣùmàrè: àwọ̀ aró, àwọ̀ ewé, yẹ́lò, pupa. Ó ń gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ooru sábẹ́ wọn. Ó rí i pé bó ṣe ń súnmọ́ pupa ni ooru ń pọ̀ sí i. Ó wá gbé ẹ̀rọ náà kọjá pupa, síbi tí kò sí àwọ̀ kankan, tí ojú ń wò pé òfìfo lásán ni. Ẹ gbọ́ o, ibẹ̀ gan-an ló ti gbóná jù! Àwọn àgbà wa kúkú ti sọ ọ́ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Àbàwọ́n bàìbàì, ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí. Inú ilé kan náà ni méjèèjì ti jáde, ṣùgbọ́n onílé kò mọ̀ pé lọ́jọ́ kan, ìkejì ni yóò tú àdììtú ìkíní.

LẸ́TÀ TÓ PẸ́ LỌ́NÀ

Láàárín 1920 sí 1930 ni ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Edwin Hubble fi hàn gbangba pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn àbàwọ́n wọ̀nyẹn kì í ṣe èéfín. Ìlú ìràwọ̀ ni wọ́n, gálásì ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Oòrùn wa yìí, ìràwọ̀ kan ṣoṣo ni nínú ìlú ìràwọ̀ tiwa, èyí tí ìràwọ̀ inú rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 100. Ìlú bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ lọ jàra lójú ọ̀run. Ńlá tó súnmọ́ wa jù nínú wọn ni Andromeda. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rin ìrìn mílíọ̀nù méjì àbọ̀ ọdún kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹnikẹ́ni má rò pé ìmọ́lẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ palẹ̀ o. Ó ń sá eré 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti inú oòrùn dé ilẹ̀ wa, ìṣẹ́jú mẹ́jọ lé díẹ̀ ló ń gbà á. Ọ̀nà ló jìn.

Ẹ rántí ayé ìgbà tí kò sí fóònù káàkiri. Ọmọ tó wà ní London á kọ lẹ́tà pé ara òun kò yá. Kí lẹ́tà náà tó dé, ara ọmọ ti le koko, ó ti padà síbi iṣẹ́. Ìyá á ka lẹ́tà, ẹkún á gbọ̀n ọ́n, bẹ́ẹ̀ ìròyìn tó ti kọjá ló ń kà. Lẹ́tà ni ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀. Bí ìlú ìràwọ̀ bá ṣe jìnnà tó, bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn tó fi ránṣẹ́ ṣe pẹ́ tó. Èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti wà lọ́nà fún bílíọ̀nù 10 ọdún, bó ṣe rí ní bílíọ̀nù 10 ọdún sẹ́yìn ló ń fi hàn wá.

Ibi tí ọgbọ́n wà nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe ń dàgbà, ṣé dandan ni kó jókòó ti ọmọ kan fún 70 ọdún? Rárá o. Kó wọ agboolé ńlá kan láàárọ̀. Á rí ọmọ ọwọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, á rí ọmọ ilé ìwé, á rí géńdé, á rí arúgbó tó fẹ̀yìn ti ògiri. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń ṣe. Èyí tó wà nítòsí, àgbà ni. Èyí tó jìnnà, ọ̀dọ́ ni. Èyí tó jìnnà jù, tó ṣe bàìbàì jù, ọmọ ọwọ́ ni. Wọ́n ti fi ọgbọ́n yìí mọ̀ pé ìlú ìràwọ̀ ń tóbi sí i bí Ìbàdàn ṣe ń gbé abúlé etí rẹ̀ mì. Tiwa yìí náà ti gbé kéékèèké mì sẹ́yìn.

Ní December 1995, Robert Williams, ọ̀gá ibi tí wọ́n ti ń darí iṣẹ́ awò Hubble tó wà lójú ọ̀run, ní kí wọ́n kọjú awò náà sí ojú kan tó ṣófo, kí wọ́n má gbé e kúrò fún ọjọ́ 10. Àwọn kan kìlọ̀ fún un pé yóò fi àkókò olówó ńlá ṣòfò, wọn kò ní rí nǹkan kan. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ dúró. Ohun tí wọ́n rí níbi tó ṣófo yẹn, ìlú ìràwọ̀ bíi 3,000 ni! Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ọwọ́ gan-an, awò Hubble kò rí wọn. Wọn kò sá lọ o. Ìmọ́lẹ̀ wọn ló ti kọjá pupa.

RỌ́BÀ ÌDÍ SÒKÒTÒ

Ẹ̀yin télọ̀ ló máa yé jù. Ẹ mú rọ́bà tí ẹ ń fi sí ìdí sòkòtò, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà wẹ́wẹ́ sí i lára, kí ìlà súnmọ́ ìlà. Ẹ wá fa rọ́bà náà. Ṣé ẹ rí i? Àwọn ìlà ti jìnnà síra. Hubble kan náà fi hàn ní 1929 pé àwọn ìlú ìràwọ̀ ń jìnnà síra wọn. Òfuurufú tó wà láàárín wọn ló ń fẹ̀ bíi rọ́bà yẹn. Ìmọ́lẹ̀ tó ń rìn kọjá nínú rẹ̀ ń nà pẹ̀lú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bá jáde ní àwọ̀ aró, bó bá ti ń nà, á di yẹ́lò, á di pupa, á kọjá pupa, á wọ ibi tí William Herschel gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí ní 1800. Ó ti di ìmọ́lẹ̀ ooru. Níbẹ̀ ni ohun méjì tó ti inú ilé Herschel jáde ti pàdé ara wọn.

Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ooru ṣòro láti mú. Afẹ́fẹ́ wa ń gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ mì, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ sì gbóná. Awò náà gan-an, bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ báyìí, òun náà ń tan irú ìmọ́lẹ̀ kan náà. Ó dà bí ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ ìlọta tó ń pariwo, tó ní òun fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ létí ọmọ ní ìsọ̀ kejì. Ẹ ní láti pa ẹ̀rọ ná! Nítorí náà, awò ooru gbọ́dọ̀ kúrò láyé, ó sì gbọ́dọ̀ tutù rinrin. Ní 1983, Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Netherlands jọ rán ọ̀kan lọ tó ń jẹ́ IRAS. Òmíràn, Spitzer, ṣiṣẹ́ láti 2003 títí di 2020, ṣùgbọ́n dígí rẹ̀ kò fẹ̀ tó mítà kan.

Èyí tó wá borí gbogbo wọn ni James Webb, tí Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Yúróòpù àti Kánádà jọ ṣe. Dígí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà mẹ́fà àbọ̀. Ègé 18 ni wọ́n tò pọ̀, wọ́n sì fi wúrà pa gbogbo rẹ̀ lójú, nítorí wúrà ń dá ìmọ́lẹ̀ ooru padà dáadáa. Ẹ má rò pé wúrà náà kún àpò o, kò ju nǹkan bí 48 gíráàmù lọ. Wọ́n ta agbòòrùn kan sí i lẹ́yìn, ìpele márùn-ún tó fẹ́lẹ́ bí irun orí, tó fẹ̀ tó pápá tẹníìsì. Apá tó kọjú sí oòrùn gbóná ju omi ìwẹ̀ lọ fíìfíì, apá tí dígí wà sì tutù débi pé ó fi 230 lé díẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ibi tí omi ti ń di yìnyín.

ỌMỌ ÀGBẸ̀ TÁBÀ

Ohun tó dára kì í yá bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ti Webb yìí pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Owó ń lọ, ọdún ń lọ. Ní 2011, ìgbìmọ̀ kan nílé aṣòfin Amẹ́ríkà ní kí wọ́n pa iṣẹ́ náà tì pátápátá. Orí ló yọ ọ́. Nígbà tó yá, wọ́n fi oògùn tí kò yẹ fọ ẹ̀yà ẹ̀rọ kan, ó bàjẹ́. Ní 2018, bí wọ́n ṣe ń gbọ̀n ọ́n wò bóyá yóò lè fara da ìrìn àjò, bóòtì àti nọ́ọ̀tì ń já bọ́ lára agbòòrùn náà! Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ gbọ́ o. Mọ́tò bílíọ̀nù dọ́là, nọ́ọ̀tì ń já bọ́.

Nínú wàhálà yẹn ni wọ́n lọ bá Gregory Robinson. Aláwọ̀ dúdú ni, ọmọ ìlú Danville ní Virginia, ìkẹsàn-án nínú ọmọ 11. Àwọn òbí rẹ̀ ń gbin tábà lórí ilẹ̀ onílẹ̀, wọ́n sì ń pín irè pẹ̀lú onílẹ̀. Ilé ìwé tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ dúdú ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́ ìṣirò, ó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ iná. A gbọ́ pé kò kọ́kọ́ fẹ́ gba iṣẹ́ Webb yìí rárá, ta ló fẹ́ ru ẹrù tó ti ń tú? Ní March 2018, ó gbà á.

Ohun tó kọ́kọ́ wò ni bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Bí iṣẹ́ 100 bá yẹ ní ṣíṣe lásìkò, 55 péré ló ń bọ́ sí i. Ó mú kí àwọn ènìyàn máa sọ àṣìṣe jáde láìbẹ̀rù, kí wọ́n tó di àbùkù. Iye náà gòkè dé 95.

Ìdí tí kò fi gbọdọ̀ sí àṣìṣe ni pé ibi tí Webb ń lọ, mílíọ̀nù kan àbọ̀ kìlómítà ni, ó fi ìlọ́po mẹ́rin jìnnà ju òṣùpá lọ. Kò sí mẹkáníìkì tó lè dé ibẹ̀. Wọ́n sì ká a bí agbòòjò kó tó wọ inú rọ́kẹ́ẹ̀tì. Lójú ọ̀run ni yóò ti ṣí ara rẹ̀. Ohun 344 ló wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé bí ọ̀kan péré bá kọṣẹ́, gbogbo rẹ̀ lè dojú dé.

Ọjọ́ Kérésìmesì 2021 ni rọ́kẹ́ẹ̀tì gbéra ní Kourou, ní French Guiana. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi ń ṣí i díẹ̀díẹ̀, ọkàn gbogbo wọn ń lù kì-kì-kì. Nígbà tó di January 8, 2022, apá tó kẹ́yìn lára dígí náà wọlé sí ipò rẹ̀. Ohun 344, kò sí èyí tó dà wọ́n!

ỌMỌDÉ TÓ NÍ ÀKÍSÀ

Ní July 2022, wọ́n fi àwòrán àkọ́kọ́ han aráyé. Bí ẹ bá fi ìka mú ẹyọ yanrìn kan, tí ẹ na ọwọ́ yín gbọọrọ síwájú, ìwọ̀n ojú ọ̀run tí yanrìn náà bò ni àwòrán yẹn yà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlú ìràwọ̀ ló wà nínú rẹ̀.

Ní 2024, àwọn onímọ̀ kéde ọ̀kan tó bàìbàì nínú bàìbàì, tí wọ́n sọ ní JADES-GS-z14-0. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti nà ní ìlọ́po 15 kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó gbéra nígbà tí àgbáálá ayé kò tíì ju nǹkan bí 290 mílíọ̀nù ọdún lọ, bẹ́ẹ̀ àgbáálá ayé ti tó bílíọ̀nù 13.8 ọdún báyìí. Bí a bá ní àgbà ẹni 70 ọdún ni, ìgbà tí kò tíì pé ọdún kan àbọ̀ ni wọ́n ya fọ́tò yìí. Ní 2025, wọ́n tún kéde òmíràn tó ṣáájú rẹ̀ díẹ̀.

Ìyàlẹ́nu ibẹ̀ rèé. Àwọn onímọ̀ ti rò pé kékeré ni wọn yóò bá nígbà yẹn, àti pé wọn kò ní pọ̀, ìmọ́lẹ̀ wọn yóò sì kéré. Wọ́n bá wọn, wọ́n pọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ, wọ́n sì mọ́lẹ̀ rekete. Èyí tó tún ju ìyẹn lọ, ní 2025 àwọn tó ń lo awò ALMA ní ilẹ̀ Chile rí ọ́síjìn nínú JADES-GS-z14-0. Ọ́síjìn, afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú yìí, inú ìràwọ̀ ló ti ń jinná. Ìràwọ̀ ní láti gbé ayé rẹ̀ tán, kó kú, kó tó dà á síta. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọmọdé yìí ní aṣọ, ó sì ti ní àkísà!

Àríyànjiyàn ń lọ lórí rẹ̀ di bí a ṣe ń wí yìí. Àwọn kan ní bóyá kíákíá ni ìràwọ̀ ń bí ọmọ láyé ìgbà náà. Àwọn kan ní bóyá wọ́n ń bímọ wọ̀ọ̀, wọ́n á sinmi, wọ́n á tún bí wọ̀ọ̀. Kò sí ẹni tó tíì jáwé olúborí.

KÍ NI ÈRÈ RẸ̀?

A mọ̀ pé ìbéèrè kan ti wà lẹ́nu yín. Bílíọ̀nù 10 dọ́là! Ṣé èyí á mú kí gàrí wọ́n díẹ̀ ni, àbí kó pọ̀? A ò ní tàn yín jẹ, kò kan gàrí. Ẹni tó bá sọ pé ebi ń pa aráyé, kí wọ́n fi owó yẹn ra oúnjẹ, kò jẹ̀bi.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sí ìdí ẹwìrì. Irin tí alágbẹ̀dẹ ń lù, níbo ló ti wá? Ẹ ó ní inú ilẹ̀ ni. Kó tó dé inú ilẹ̀ ńkọ́? Inú ìràwọ̀ tó ti kú ni. Ibẹ̀ náà ni irin tó mú kí ẹ̀jẹ̀ wa pupa ti wá, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tí à ń mí ti wá. Àwọn ìlú ìràwọ̀ bàìbàì yìí ni ìdáná àkọ́kọ́ tí wọ́n ti ń se ohun tí a fi dá wa. Ẹni tó ń wá ibi tí ìdílé rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá kì í ṣe aláìníṣẹ́.

Ẹ sì wo àwọn tó ṣe é: olórin tó ń yọ́ irin, obìnrin tó ń gún ìgbẹ́ ẹṣin lódó, ọmọ àgbẹ̀ tó ń bójú tó nọ́ọ̀tì àti bóòtì. Ọwọ́ bíi tiyín náà ni.

Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rí sí i? Ṣé owó náà tọ́ sí i, àbí kò tọ́? Ẹ kọ lẹ́tà sí wa, a ó tẹ ẹ́ sójú ewé yín. Bí ó bá sì di alẹ́ tí iná bá lọ, ẹ gbójú sókè wo ibi tó dúdú jù lójú ọ̀run. Ẹ má sọ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ṣe sọ, kó tó nawọ́ sí irin.